Dátà Kan, Ètò Méjì, Ìdáhùn Méjì

Dátà kan náà ni, ara kírísítálì kan náà ló sì ti wá. Mọ́dẹ́lì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé e fún REFMAC5, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tún mọ́dẹ́lì ṣe, ó rí R-free (ìwọ̀n kan tí mo máa ṣàlàyé láìpẹ́) 0.208. Ó gbé e fún ètò mìíràn, phenix.refine, ó rí 0.201. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká fi ránṣẹ́ sí PDB nínú méjèèjì?" (PDB ni ibi ìkópamọ́ àgbáyé fún mọ́dẹ́lì púrótéènì.) Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́, kò sì sú mi rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Èsì mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun kan náà ni àwọn ètò méjèèjì wọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò wọn ohun kan náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n fi púrótéènì kan tó wà nílé gbogbo wa ṣàlàyé. Lysozyme wà nínú funfun ẹyin adìyẹ, ó sì wà nínú omijé wa. Alexander Fleming ló kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ ní 1922, ṣáájú kí ó tó kan pẹnisílíìnì. Ní 1965, David Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù lo ẹ́ksíréè láti fi bó ṣe rí hàn, òun sì ni ẹ́ńsáìmù àkọ́kọ́ tí aráyé mọ ìrísí rẹ̀. Ámínó ásíìdì 129 ló so pọ̀ di odindi rẹ̀. Bí ènìyàn bá da iyọ̀ mọ́ ọn nínú omi tó kan díẹ̀, ní pH bíi 4.6, ó lè jí lọ́jọ́ kejì kí ó bá kírísítálì tó ń dán nínú ìkán omi náà.

A ó gbé kírísítálì yìí sínú òtútù 100 K, ìyẹn −173 °C, a ó máa yí i díẹ̀díẹ̀ níwájú ìtànṣán ẹ́ksíréè ní ibi bíi Diamond Light Source ní Harwell, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ á ka àwọn àmì tóótòòtó tí ìtànṣán náà ń ṣe nígbà tó bá gba inú kírísítálì kọjá. Bí lysozyme bá fún wa ní dátà dé 1.5 Å (mítà kan tí a pín sí ọ̀nà bílíọ̀nù mẹ́wàá ni Å kan; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí ni dátà ṣe ń fi nǹkan hàn kedere sí), àmì tí kò jọ ara wọn á lọ sí bíi 18,000. Ètò kọ̀ǹpútà á wá mú mọ́dẹ́lì wa, á ṣírò bó ṣe yẹ kí àmì kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ tó, á fi wé bó ṣe mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, á sún àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀, á tún ṣírò. Àtúnṣe mọ́dẹ́lì tí à ń wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. R ni orúkọ ohun tó ṣẹ́ kù tí kò bára mu. Bí ènìyàn bá kàn da átọ́ọ̀mù sílẹ̀ láìlétò, R á máa lọ sí bíi 0.59; A. J. C. Wilson ló fi ìṣirò hàn bẹ́ẹ̀ ní 1950. Mọ́dẹ́lì tó dára ní 1.5 Å sábà máa ń wà láàárín 0.15 sí 0.20.

Ní 1992, Axel Brünger fi hàn pé R nìkan lè tan ni jẹ. Ẹni tó bá ń fi átọ́ọ̀mù kún mọ́dẹ́lì ṣáá, R rẹ̀ á máa wálẹ̀ bí àwọn átọ́ọ̀mù náà kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó ní ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àwọn àmì, bí 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ètò má fojú kàn wọ́n nígbà tó bá ń sún átọ́ọ̀mù, kí a sì fi wọ́n dán mọ́dẹ́lì wò lẹ́yìn náà. R tí a bá ṣírò láti ara wọn ni R-free. Lójú tèmi, èrò díẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ yìí lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi ìyàsọ́tọ̀ yìí gan-an ni ìfiwéra ti kọ́kọ́ ń dàrú. Nọ́ńbà kékeré kan nínú fáìlì dátà ló ń sọ àmì tí a yà sọ́tọ̀. Àwọn ètò CCP4, àkójọ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 1979, tí REFMAC5 sì wà nínú rẹ̀, sábà máa ń pín àmì sí ọ̀nà 20, láti 0 dé 19. 0 ni ti ìdánwò. X-PLOR àti CNS, tó wá láti ọwọ́ Brünger, ń fi 1 sàmì sí ti ìdánwò. phenix.refine máa ń wo fáìlì, á sì gbìyànjú láti mọ àṣà tí wọ́n tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá wá ṣi nọ́ńbà yìí mú, bí ìgbà tí fáìlì CCP4 bọ́ sọ́wọ́ ètò tó gbà pé 1 ni ìdánwò, àwọn àmì tí ètò àkọ́kọ́ ti fi tún mọ́dẹ́lì ṣe ni èkejì máa fi dán an wò. R-free á dára lójú. Á dára ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá R-work, ìyẹn R tí a ṣírò láti ara àwọn àmì tó kù, dọ́gba.

Nítorí náà, kí n tó wo èyí tó kéré nínú R-free méjì, àlàfo tó wà láàárín R-work àti R-free ni mo máa ń wò. Ní 1.5 Å, mo ń retí nǹkan bíi 0.02 sí 0.03. Bí mo bá rí 0.003, inú mi kì í dùn. Mo máa ṣí fáìlì, mo máa ka iye àmì ìdánwò, mo sì máa rí i dájú pé àmì kan náà gẹ́lẹ́ ni ètò méjèèjì yà sọ́tọ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba àkókò, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ètò tó sàn jù ló sì ń parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Kírísítálì púrótéènì kò dà bí òkúta. Omi tí kò dúró lójú kan ló gba ìdá ńlá nínú rẹ̀, ó sì lè tó ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí a ṣe lè fi átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣàpèjúwe irú omi bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ipa rẹ̀ hàn gan-an lára àwọn àmì tó súnmọ́ àárín, àwọn tó ń sọ nípa ìrísí gbogbo gbòò. SHELXL, tí George Sheldrick kọ ní Göttingen nílẹ̀ Jámánì, gbà pé omi àti púrótéènì jẹ́ òdìkejì ara wọn, ó sì ń ṣírò lórí ìyẹn. phenix.refine ń fa ààlà yí púrótéènì ká, á wá fi omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ kún ohun tó kù. REFMAC5 lè lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Báwo ni ààlà náà ṣe súnmọ́ átọ́ọ̀mù tó? Bí ó bá fi ìdá díẹ̀ nínú Å kan sún, R á yí padà, kò sì sí átọ́ọ̀mù púrótéènì kan tó tìtorí rẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé ètò kan fi ìdajì ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lu èkejì, tí mo bá pín R sí ìpele-ìpele, mo máa ń rí i pé àwọn àmì tó súnmọ́ àárín yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ náà kó sí. Omi ló ṣe é. Ìrísí púrótéènì kò yàtọ̀.

Gbígbé mọ́dẹ́lì láti ilé ètò kan lọ sí ilé òmíràn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Átọ́ọ̀mù ń gbọ̀n, ètò sì lè pín ìgbọ̀n yẹn sí méjì: èyí tí odindi apá kan púrótéènì jọ ń gbọ̀n pọ̀, tí à ń pè ní TLS, àti èyí tó kù fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá sọ fún REFMAC5 pé kó ro méjèèjì pọ̀, ó lè jẹ́ èyí tó kù nìkan ni yóò kọ sí fáìlì. Ètò mìíràn á ka fáìlì náà, á rò pé àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, R á sì fò sókè. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ètò kejì kò dára. Orí fáìlì ti sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, àmọ́ ta ló ń ka orí fáìlì? Ẹ máa kà á. Ti háídírójìn náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan ń lò ó nínú ìṣirò láìkọ ọ́ sílẹ̀, àwọn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni fífi í kún ìṣirò sábà máa ń mú R wálẹ̀.

Àwọn ìyá wa lọ́jà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ gààrí ẹni tó wọ́n jù gbọ́dọ̀ fi kọ́ńgò kan náà wọn méjèèjì. Ohun tí mo ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe nìyẹn. Ẹ mú mọ́dẹ́lì tí REFMAC5 ṣe àti èyí tí phenix.refine ṣe, ẹ kó méjèèjì fún ètò kan ṣoṣo, ẹ ní kó má sún átọ́ọ̀mù kankan, kó kàn ṣírò R pẹ̀lú àmì kan náà, ìdánwò kan náà, háídírójìn lọ́nà kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tún kó méjèèjì fún ètò kejì. Bí mọ́dẹ́lì kan bá ń ṣáájú lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, nígbà náà ni mo máa tó tẹ́tí. Fún ìgbékalẹ̀ àti àwọn átọ́ọ̀mù tó ń forí gbárí, a máa ń gbé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ MolProbity, tó wá láti ilé iṣẹ́ ìwádìí Jane àti David Richardson ní Duke, ní North Carolina, nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni yóò fi yẹ méjèèjì wò.

Èyí kò tíì tó. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àmì 18,000 jẹ́ 900. Nígbà tí R-free bá jẹ́ 0.20 lórí àmì 900, bó ṣe ṣẹlẹ̀ pé àwọn 900 yìí la yàn dípò 900 mìíràn nìkan lè sún un tó bíi 0.005. Bí ètò méjèèjì bá lo àmì ìdánwò kan náà, ewu yìí dín kù púpọ̀. Bí wọn ò bá lò ó, 0.007 tí à ń jà lé lórí lè má ju oríire lọ. Àti pé ètò kan pàápàá kì í bá ara rẹ̀ mu. Ẹ gbọn átọ́ọ̀mù inú mọ́dẹ́lì ní nǹkan bíi 0.2 Å kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ètò kan náà ṣiṣẹ́ parí, ẹ tún un ṣe lọ́nà mìíràn bí ìgbà mélòó kan. R-free á máa yí ní nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn ẹsẹ̀ ìdá. Mo fẹ́ rí bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń yàtọ̀ sí ara rẹ̀ kí n tó gbọ́ bó ṣe yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Bí mo bá ń yẹ àbájáde ẹnikẹ́ni wò, ohun tí mo ń kọ́kọ́ bi í léèrè nìyí, àwọn tó sì ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́ kò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjánu ló jinlẹ̀ jù. Lysozyme ní átọ́ọ̀mù bíi 1,000 láìka háídírójìn. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń sọ ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wà, ọ̀kan ló ń sọ bó ṣe ń gbọ̀n, ìyẹn jẹ́ 4,000 nọ́ńbà tí a fẹ́ mọ̀. Àmì 18,000 dà bíi pé ó tó. Ṣùgbọ́n bí kírísítálì náà bá jẹ́ aláìlera, tí kò fún wa ní dátà ju 2.5 Å lọ, àmì á dín sí 4,000 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Dátà nìkan kò lè gbé e. Ètò ní láti mú ohun tí a ti mọ̀ nípa kẹ́mísírì wá: bí ìdè láàárín átọ́ọ̀mù méjì ṣe gùn tó, bí igun rẹ̀ ṣe ṣí tó. Richard Engh àti Robert Huber ló kó àwọn ìwọ̀n tó di gbajúmọ̀ jọ ní 1991, láti ara kírísítálì àwọn ohun kéékèèké tí a mọ̀ dáadáa. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ni ìjánu tí ètò ń fà.

Báwo ni ìjánu yìí ṣe yẹ kó le tó? Níbẹ̀ ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ní ìwà tirẹ̀. Ní 1997, Garib Murshudov, Alexei Vagin àti Eleanor Dodson ní York ṣe ìwé tó mú ọ̀nà tó ń ṣírò pẹ̀lú àìdánilójú mọ́dẹ́lì wọ inú REFMAC. BUSTER, láti ọ̀dọ̀ Gérard Bricogne àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Cambridge, àti phenix.refine tí Pavel Afonine àti Paul Adams ń darí ní Berkeley, ń rìn lójú ọ̀nà yẹn kan náà. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pín agbára láàárín dátà àti ìjánu kò dọ́gba. phenix.refine tilẹ̀ ń lo ìwọ̀n tuntun tí igun eegun ẹ̀yìn púrótéènì ń yí padà nínú rẹ̀ bí púrótéènì bá ṣe tẹ̀ sí. Bí mọ́dẹ́lì kan bá wá fi 0.020 Å yà kúrò lójú ìwọ̀n ìdè, tí èkejì fi 0.008 Å yà, mi ò lè fi R wọn wéra. Ẹ kọ́kọ́ fa ìjánu méjèèjì dọ́gba. Bákan náà ni máàpù tí G. N. Ramachandran àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Madras ní 1963, tó ń sọ igun tí ámínó ásíìdì lè gbà: ẹni tó bá ti fi í ṣe ìjánu nínú ètò kan kò gbọ́dọ̀ tún pè é ní ẹlẹ́rìí pé mọ́dẹ́lì ètò yẹn dára ju ti èkejì tí kò lò ó.

Ká tún wo lysozyme náà. Nínú kírísítálì tí iyọ̀ máa ń fún wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ̀kọ́rọ́ tó wà láti ámínó ásíìdì 60 dé 73, òkìtì ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kékeré kan wà nínú máàpù, ìyẹn àwòrán tí à ń yà láti ara dátà láti fi ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà hàn. Bí a bá ní kí ètò máa fi omi sí ibi tó bá tọ́ fúnra rẹ̀, yóò rí òkìtì yìí, yóò sì fi omi síbẹ̀. Kò burú lójú. Máàpù bò ó mọ́lẹ̀, kò sí àwọ̀ ewé tàbí pupa púpọ̀ tó ń pe àkíyèsí síbi tí mọ́dẹ́lì àti dátà kò ti bára mu. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí Coot, ètò tí a fi ń wo mọ́dẹ́lì àti máàpù, tí ẹ gbé mọ́dẹ́lì REFMAC5 lé ti phenix.refine, ẹ lè rí i pé omi kan yìí kò sí lójú kan náà nínú méjèèjì, nígbà tí àwọn omi tó yí i ká, tí máàpù tiwọn kò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ tó tirẹ̀, kò yẹsẹ̀. R kò mọ̀ ọ́n lára. Kí ló ń lé e?

Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí àwọn ọ́síjìn tó yí i ká. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti àwọn ámínó ásíìdì Ser60, Cys64, Ser72 àti Arg73, omi méjì sì kún wọn di mẹ́fà. Bíi 2.4 Å ni ó yẹ kí ó fi jìnnà sí wọn bí a bá tẹ̀ lé máàpù. Omi tó bá di ọ́síjìn mú nípasẹ̀ háídírójìn sábà máa ń jìnnà sí i tó 2.8 Å. Ètò mọ èyí, nítorí náà ó ń ti omi náà sẹ́yìn, dátà sì ń fà á padà. Agbára ìtì yẹn kò dọ́gba nínú ètò méjèèjì, ibi tí omi náà á dúró sí kò sì lè dọ́gba. Kì í ṣe omi ló wà níbẹ̀. Sódíọ̀mù ni, láti ara iyọ̀ tí a fi mú kírísítálì jáde. Sódíọ̀mù tó ti sọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nù ní 10, omi náà ní 10, ẹ́ksíréè kò sì lè fi bí máàpù ṣe mọ́lẹ̀ tó yà wọ́n. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí sódíọ̀mù, ìtì náà á dáwọ́ dúró, àwọn ètò méjèèjì á sì gbé e síbi tí máàpù ní kó wà.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìfiwéra ètò nìyí, ìdí náà sì ni mi ò fi fẹ́ kí a sọ ọ́ di ìdíje. Nígbà tí gbogbo ohun tó yẹ kó dọ́gba bá ti dọ́gba, tí àwọn ètò ṣì ń yà lórí átọ́ọ̀mù kan, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Bí máàpù ibẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì, bíi ti orí Arg àti Lys tó nà síta láti ara púrótéènì, dátà kò sọ nǹkan kan níbẹ̀, ètò kọ̀ọ̀kan sì fi ìwà ara rẹ̀ dí àlàfo. Ẹni tó bá máa fi orí Arg yẹn ṣàlàyé bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé orí afẹ́fẹ́ ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n bí máàpù bá mọ́lẹ̀ kedere, tí àwọn ètò sì yà, àwa la pe nǹkan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Oríṣi kejì yìí ni mo máa ń wá kiri. Ó ti fi áyọ́ọ̀nù bíi sódíọ̀mù yẹn hàn mí, ó ti fi ámínó ásíìdì tó yíjú sẹ́yìn hàn mí, ó ti fi ibi tí ẹ̀ka kan pín sí méjì hàn mí, gbogbo wọn níbi tí R kò ti sọ nǹkan kan.

Bí àwọn ètò bá sì fohùn ṣọ̀kan ńkọ́? Ìyẹn náà kò tó ẹ̀rí. Ìwọ̀n ìdè tí wọ́n ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwé kan náà, dátà tí a kó fún wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Ní 2001, Geoffrey Chang àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Scripps, ní Kalifọ́níà, gbé ìrísí MsbA jáde nínú ìwé ìròyìn Science, láti ara dátà 4.5 Å. Ní 2006, Roger Dawson àti Kaspar Locher ní Zurich gbé ìrísí Sav1866 jáde, ìbátan MsbA, kò sì bá ti ìṣáájú mu. Nígbà tí Chang àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wádìí, wọ́n rí i pé ètò kékeré kan tó ń tún dátà tò nílé wọn ti yí àmì àròpọ̀ padà sí àyọkúrò nínú ìyàtọ̀ àwọn àmì méjì-méjì tó máa ń sọ ọwọ́ ọ̀tún àti òsì púrótéènì. Máàpù wọn ti dà bí ohun tí a wò nínú dígí. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n sì fa àwọn ìwé náà padà ní December 2006. Kò sí ètò àtúnṣe méjì tí ì bá fi ìfiwéra yọ ìyẹn síta, nítorí pé kí dátà tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń ní kí ẹni tó bá ráyè tún dátà rẹ̀ ṣe láti orí àwòrán ẹ̀rọ, pẹ̀lú ètò mìíràn, kí ó tó sọ pé òun ti fi nǹkan wéra.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá nílé, torí oògùn. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ lágbàáyé. Ohun tó ń fà á ni pé ámínó ásíìdì kan ṣoṣo, ìkẹfà lára okùn beta nínú haemoglobin, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, yí padà láti glutamate sí valine. Wọ́n fọwọ́ sí oògùn voxelotor fún un ní Amẹ́ríkà ní 2019, ilé iṣẹ́ tó ni ín sì kó o kúrò lọ́jà ní 2024. Oògùn yìí ń so mọ́ valine tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ okùn alpha, ìdè gidi ló sì fi ń so mọ́ ọn. Bí ènìyàn bá fẹ́ tún irú mọ́dẹ́lì bẹ́ẹ̀ ṣe, ó ní láti fún ètò ní ìwé atọ́nà fún oògùn náà, torí pé Engh àti Huber kò wọn oògùn. AceDRG ló ń kọ irú ìwé yìí fún CCP4, eLBOW fún Phenix, Grade fún BUSTER. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má gbà lórí igun kan, tàbí lórí bóyá apá kan oògùn gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a kò bá sì sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ètò pé ìdè wà láàárín oògùn àti valine, yóò máa ti oògùn náà sẹ́yìn bó ṣe ti omi lysozyme sẹ́yìn. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ 0.3 Å lára oògùn nínú mọ́dẹ́lì méjì, kí ó tó bá ètò jà, kí ó gbé ìwé atọ́nà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ó kà wọ́n. Àwọn tó fẹ́ ṣe oògùn tó sàn ju ti ìṣáájú máa wọn bí oògùn ṣe súnmọ́ púrótéènì láti ara mọ́dẹ́lì yìí, 0.3 Å sì tó láti darí wọn síbi tí kò yẹ.

PDB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè dátà pẹ̀lú mọ́dẹ́lì ní dandan láti 2008. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹn ni Robbie Joosten àti Anastassis Perrakis ní Amsterdam fi lè máa bá PDB-REDO lọ, iṣẹ́ tó ń gba mọ́dẹ́lì àti dátà ẹni ẹlẹ́ni, tó ń fi REFMAC tún gbogbo wọn ṣe lọ́nà kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbìyànjú láti rí R tí ẹni tó ni iṣẹ́ kọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí kò rí i. Lọ́pọ̀ irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó parọ́. Àmì ìdánwò ló sọnù, tàbí TLS ni wọn ò rò pọ̀, tàbí ẹni náà kò kọ ohun tó ṣe sílẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rọrùn. Ẹ kọ orúkọ ètò àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ kọ bí ẹ ṣe lo háídírójìn, bí ẹ ṣe fa ìjánu le tó, ibi tí ìwé atọ́nà oògùn yín ti wá. Ẹ fi àmì ìdánwò sílẹ̀ nínú fáìlì bó ṣe wà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi àwòrán ẹ̀rọ pamọ́ síbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i. Keitaro Yamashita àti Murshudov ti gbé Servalcat jáde ní Cambridge, ó sì ti ń gba iṣẹ́ tí REFMAC5 ń ṣe. Àwọn mìíràn á tún tẹ̀ lé e, èrò wọn nípa omi àti ìjánu á sì yàtọ̀ sí ti àwọn tí a ní báyìí. Mo fẹ́ kí wọ́n bá dátà wa nílẹ̀ ní pípé nígbà tí wọ́n bá dé.